Ọkọ́ Márùn-ún Nínú Eérú

Bàbá mi tí mo fi ń yangàn,

Ẹ kú ibi ìsinmi o. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn kí èèyàn máa fi ọ̀rọ̀ yí po kó tó sọ ohun tó gbé e wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: a borí. Wọ́n ti sọ ọ́ ní gbangba, lójú ọmọdé, lójú àgbà, lójú adájọ́, pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dáná sun abà iṣu Bàbá Àìná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ gbólóhùn yẹn sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi kí n tó rántí wá bébà gidi.

Ilé wà, ẹ fọkàn balẹ̀. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, káfíńtà tí ẹ máa ń pè ní Ọ̀la-ni-mo-ń-bọ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́la. Ọsàn tí ẹ gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri so dáadáa lọ́dún yìí. Nígbàkúùgbà tí mo bá ń bó o, mo máa ń gbìyànjú kí èèpo rẹ̀ má já, bí ẹ ti ń ṣe é tí ẹ ó wá fi kọ́ mi lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Tèmi kì í dé ìdajì kó tó já. Bọ́lá, àbíkẹ́yìn mi, ti wọ yunifásítì tó wà níbí ní Ìkẹ́rẹ́, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń kọ́, nítorí náà ṣọ́ọ̀kì ò tíì kúrò lọ́wọ́ ìdílé wa. Òun ló ní kí n kọ lẹ́tà yìí. Ó ní bí mo ṣe ń bá fọ́tò yín lára ògiri sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ẹ̀rù ti ń ba àwọn aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jù mí lọ, àmọ́ Bọ́lá á ka lẹ́tà yìí, gbogbo ohun tó sì mọ̀ nípa abúlé wa kò ju pé a kì í lọ síbẹ̀.

Ìdí-Orógbó wà nínú igbó láàárín Ìṣẹ̀ àti Èmùré. Odò kékeré kan, tí ọmọdé lè fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ló pín in sí méjì: Apá Òkè àti Apá Odò. Apá Òkè ni tiwa. Nígbà tí ìdìbò dé, Apá Òkè tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèlú kan, Apá Odò tẹ̀lé èkejì, àwọn tí wọ́n ń torí wọn jà kò sì mọ ọ̀nà abúlé náà. Ọmọ ọdún méje ni mí. Ohun tí mo fi mọ̀ pé ìlú ti dàrú ni pé wọ́n ní kí n má bá Àìná, ọ̀rẹ́ mi, ṣeré mọ́, torí pé ará Apá Odò ni bàbá rẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í na ara wọn lójú ọjà. Ẹnì kan ti pàdánù eyín méjì nítorí fìlà tó dé.

Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń ré kọjá odò. Àáró lẹ ń bá wọn ṣe. Ẹ̀yin márùn-ún lẹ jọ ń ṣe é, lónìí oko ẹni yìí, lọ́la oko ẹni yẹn, títí ebè gbogbo yín á fi tán. Ará Apá Odò ni mẹ́rin, ẹ̀yin nìkan lẹ wá láti Apá Òkè. Àwọn ará ilé wa ní kí ẹ má lọ mọ́. Ẹ dá wọn lóhùn pé ìdìbò ò lè bá èèyàn kọ ebè, ẹ sì gbé ọkọ́ yín kọ́ èjìká.

Lọ́jọ́ náà, oko Bàbá Àìná ló kàn. Ilẹ̀ náà fẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Bọ́lá, ohun tí wàá mọ̀ nìyí: ní abúlé wa, tí iṣẹ́ àáró bá di ọ̀la, a kì í gbé ọkọ́ lọ sílé. Ibi tí iṣẹ́ kù sí ni ọkọ́ ń sùn. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ lọ ti sọ láìlanu pé òun ò padà wá mọ́. Gbogbo wọn kó ọkọ́ ti ara abà iṣu Bàbá Àìná, wọ́n kí ara wọn pé ó di ọ̀la, wọ́n lọ sílé. Kí oòrùn tó wọ̀, abà ti ń jó. Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Jídé, àbúrò Bàbá Àìná, tí wọ́n fi ṣọ́ iṣu, ti mu ẹmu, ó sì ti sùn lọ nínú abà. Kò jáde.

Ọkọ́ márùn-ún ni wọ́n bá nínú eérú. Igi wọn ti jó tán, irin ló kù. Alágbẹ̀dẹ abúlé a máa gé àmì sí etí ọkọ́ kọ̀ọ̀kan kí tẹni má baà pàrọ̀ mọ́ tẹlòmíì. Àmì mẹ́ta ni tiyín. Nínú ọkọ́ márààrún, èyí tó ní àmì mẹ́ta nìkan ni wọ́n gbé sókè. Wọ́n ní ará Apá Òkè ló wá sun wọ́n níná, ẹ̀rí rèé. Gbogbo wọn mọ̀ pé àáró ló gbé ọkọ́ yẹn síbẹ̀. Ohun tí kò sí ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò mọ̀ ní Ìdí-Orógbó, gbogbo àgbà ibẹ̀ gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Apá Odò sun ilé wa, Apá Òkè lọ sun tiwọn, àwọn èèyàn kú níhìn-ín, wọ́n kú lọ́hùn-ún. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹ gbé mi síwájú kẹ̀kẹ́, màmá mi ru ẹrù tó kù, a dorí kọ Ìkẹ́rẹ́.

Ẹ ò tún fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́ títí tí ẹ fi lọ. Ẹ dáko fún ẹlẹ́ni ẹlẹ́ni, ẹ kọ́ ilé yìí, ẹ sin màmá mi, ẹ rán mi níwèé. Tí ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìṣẹ̀ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ lẹ ń gbà jáde kí àdúrà ìkẹyìn tó parí. Ẹ rò pé n kò rí yín. Ẹ ò sì tún jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ kankan gé àmì sí ọkọ́ yín. Mo bi yín nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní irin tí wọ́n bá gé kì í pẹ́ dógùn-ún.

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ kí n tó máa bá ìròyìn ayọ̀ lọ. Ẹ ó rántí ọdún tí mo kọ́kọ́ di olùkọ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ti sọ ìtàn Ìdí-Orógbó fún mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níta, láì mọ̀ pé ọmọ yín ni mí. Mo délé nírọ̀lẹ́, ẹ ń jẹun lọ́wọ́, mo sì bi yín gbùú bóyá ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ wò mí. Ẹ dìde, ẹ gbé abọ́ yín, ẹ lọ fọ̀ ọ́ fúnra yín. Ẹ̀yin tí ẹ ò fọ abọ́ rí láyé yín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ojú kò jẹ́ kí n tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ náà wà láàárín wa títí tí ẹ fi kú. Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Bóyá ìdí tí mo fi jà tó báyìí lọ́dún yìí nìyẹn.

Torí pé mo jà o. Lọ́dún yìí ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde pé kó lọ káàkiri ibi tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti tú ìlú ká, kó gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu àwọn tó bá ṣì wà láyé, kó sì là wọ́n níjà. Adájọ́-fẹ̀yìntì kan ni alága, obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń wo èèyàn láti òkè gíláàsì rẹ̀. Pásítọ̀ kan àti ààfáà kan jókòó tì í. Wọ́n pe gbogbo ìdílé Ìdí-Orógbó sí Èmùré, àwa tó sá lọ àti àwọn tó dúró. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, wọ agbádá tó le gbagidi, ó ní ó ti tó àkókò kí òun sùn lórí ilẹ̀ baba òun kí òun tó kú. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni, ẹ jẹ́ kí n má ṣẹ̀fẹ̀. Gbogbo wa la fẹ́ padà sílé.

Wọ́n ti kọ ìwé ìlàjà sílẹ̀. Olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan àti ọmọ òkú tí ọ̀rọ̀ bá kàn ni yóò tẹ̀ka sí i, wọn ó sì dá ilẹ̀ oníkálukú padà fún un. Wọ́n fún wa kà. Nígbà tí mo dé ojú ewé kejì, mo rí ibi tí wọ́n to orúkọ sí lábẹ́ àkọlé kan: àwọn tí a dárí jì. Orúkọ yín ló ṣáájú. Dáná sun abà, pa ẹnì kan, a dárí jì í.

Bàbá, bírò pupa kì í wọ́n nínú báàgì olùkọ́. Mo fa ìlà sábẹ́ orúkọ yín, mo kọ ‘kò rí bẹ́ẹ̀’ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo dá ìwé padà. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ fẹ́ dákú. Ó ní mo ti ba ìwé ìjọba jẹ́. Mo ní òun ló kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Gbogbo èèyàn kọjú sí mi. Ẹ̀yin mọ̀ pé tí àlàáfíà bá ti wu àwọn èèyàn wa, wọn kì í fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹní. Bàbá Kékeré fà mí sẹ́yìn ilé, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

“Ọma mi, tẹ̀ka sí i k’á ráyè wọ ulé wa. Òkú ti lọ sí tirẹ̀.”

Omi wà lójú rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Bí mo bá sì kọ̀, gbogbo ìdílé wa ló máa dúró síta nítorí mi. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún un pé èmi ò lè gba ìdáríjì fún ohun tí bàbá mi ò ṣe, torí ọjọ́ tí mo bá gbà á ni mo bá wọn dáná sun abà náà. Ó sọ ọwọ́ mi sílẹ̀. Iwájú takisí ló lọ jókòó sí títí a fi dé Ìkẹ́rẹ́.

Adájọ́ náà ní tirẹ̀ kò bínú. Ó bi mí bóyá mo ní ẹlẹ́rìí. Mo ní n kò ní. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ìgbìmọ̀ máa jókòó ní Ìdí-Orógbó fúnra rẹ̀, kí n mú ẹlẹ́rìí wá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìwé yẹn ni àwọn máa kà sétígbọ̀ọ́ aráyé bó ṣe wà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tẹ́ ẹ jọ ṣe àáró. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú, Bàbá Àìná ló kú gbẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ ló kù, Ìyá Àìná. Ọ̀dọ̀ Àìná ló ń gbé ní Èmùré, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe ti ń ṣiṣẹ́ ní káńsù. Mo gun ọ̀kadà láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn, ẹ̀rù ń bà mí bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé. Ìyá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì tẹjú mọ́ mi pẹ́.

“Ojú baba rẹ rèé,” ni wọ́n wí.

Mo kúnlẹ̀, mo ní mo wá bi wọ́n nípa ọkọ́ ni. Wọ́n padà sídìí ẹ̀gúsí wọn. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí Àìná gbé oúnjẹ fún mi. Iyán ni, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn. Inú ń bí mi, àmọ́ mo jẹ ẹ́ tán, torí pé ẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá kọ oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìjà míì. Nígbà tí Àìná ń sìn mí lọ, mo ní ó kéré tán a ti jọ jẹ iṣu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dúpẹ́ pé kì í ṣe iṣu sísun ni mo béèrè, torí màmá òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun iṣu nínú ilé láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú. Mi ò kà á sí.

Ọjọ́ ìjókòó pé. Wọ́n ta kánópì sórí pápá ilé ìwé Ìdí-Orógbó, Apá Òkè lápá kan, Apá Odò lápá kejì, bí ẹni pé odò ṣì wà láàárín. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo fi jìnnà sí ilẹ̀ yẹn, Bàbá, ẹsẹ̀ mi sì mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé ka ìwé dé orúkọ yín. Mo dìde, mo ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ariwo ta. Ọkùnrin kan, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín nínú àáró, bọ́ síta, ó na ìka sí mi.

“Ọkọ́ baba rẹ ńkọ́?”

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn láti ọmọ ọdún méje. Mo rọra bi í pé ọkọ́ mélòó ni wọ́n bá nínú eérú. Kò mọ̀. Mo kọjú sí àwọn àgbà Apá Odò, mo tún un bi. Ọ̀kan nínú wọn kùn wúyẹ́wúyẹ́ pé márùn-ún ni. Mo ní ta ló ni mẹ́rin yòókù? Mo ní ṣé ọkọ́ ni wọ́n fi ń dáná ni, àbí àáró ló di ọ̀la? Mo rí i bí àwọn arúgbó ṣe ń wolẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Àṣà wọn ni mo gbé lé wọn lọ́wọ́, wọn ò lè jù ú nù.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ìró ọ̀pá. Ìyá Àìná ti dìde. Àìná fẹ́ dì wọ́n mú, wọ́n gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Wọ́n rìn dé iwájú adájọ́, wọn ò kúnlẹ̀, wọn ò jókòó.

“Uná mi ni,” wọ́n wí. “Èmi ni mo sun uṣu fún àwọn alááró l’ọ́jọ́ náà, l’ẹ́yìn abà. Ọma ọwọ́ mi ì ké, mo yára gbé e pọ̀n lọ ulé, mi ò pa uná tán. Ọyẹ́ ló gbé e. Ùgbà tí mo rí èéfín, mo ti mọ̀. Mo sọ fún ọkọ mi l’álẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní k’aráyé má gbọ́ pé ìyàwó òun ló sun àbúrò òun. Wọ́n sì ti gbé ọkọ́ s’ókè. Mo dákẹ́. Ulé jó, mo dákẹ́. Baba ọma yìí sá lọ, mo dákẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́.”

Mo fò sókè, Bàbá. Èmi olùkọ́ àgbà, èmi ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, mo ká ìró sókè, mo fò, mo kígbe orúkọ yín lójú gbogbo wọn, orúkọ àti orúkọ baba yín. Mo ní kí wọ́n tún un gbọ́. Bàbá Kékeré ń sunkún bí ọmọdé. Bí ayọ̀ bá ń pa èèyàn, ǹ bá ti dé ọ̀dọ̀ yín kí lẹ́tà yìí tó dé.

Mo ṣì ń fò nígbà tí mo rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Àìná. Àyè ti ṣí yí wọn ká. Àwọn èèyàn wọn ń sún sẹ́yìn, tiwa ń sún síwájú, ẹnì kan pariwo pé apààyàn, ẹlòmíì ní kí wọ́n jù ú sínú odò. Ọkọ́ kan ni wọ́n tún fẹ́ gbé sókè yìí. Mo rìn lọ dúró ti ìyá náà, mo di apá wọn mú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìdáná. Mo ní ẹ dúró o. Mo ní ìyá yìí gbàgbé iná kan lẹ́yìn abà, àmọ́ gbogbo iná tó kù, ẹni tó tàn án kò gbàgbé. Mo ní ta ló tan àwọn yẹn?

Ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn? Bàbá Kékeré, agbádá gbagidi. Ó dìde láàárín wa.

“Èmi ni mo sun ulé Bàbá Àìná,” ó wí. “Mo mọ̀ọ́mọ̀ sun ún.”

Ọkùnrin tó na ìka sí mi jókòó. Lẹ́yìn náà, arúgbó kan dìde ní Apá Odò, ó ní ilé tiwa lòun sun. Òmíràn dìde. Òmíràn tún dìde. Akọ̀wé ò rí ojú ewé kọ ọ́ sí mọ́, ó ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìlàjà tí wọ́n ti tẹ̀. Adájọ́ bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú, ó ní òun ti jókòó sí ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́, òun ò tíì rí ibi tí ẹlẹ́bi ti ń tò sórí ìlà. Ó fún mi ní bírò tirẹ̀ kí n fúnra mi pa orúkọ yín rẹ́. Mo pa á rẹ́ débi pé bébà náà ya.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yin náà jẹ nínú iṣu sísun yẹn. Ẹ rí ẹni tó sun ún, ẹ rí ibi tó ti sun ún. Ṣé ẹ mọ̀? Ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, ṣé ẹ mọ iná ta ni, tí ẹ sì ń bo obìnrin tí ń pọn ọmọ láṣìírí? Ṣé ohun tí ẹ ń fọ̀ kúrò nínú abọ́ yẹn lọ́jọ́ náà nìyẹn? Ìyá Àìná ní àwọn náà ń bi ara wọn.

Bàbá Kékeré ti padà sí Ìdí-Orógbó. Ó kó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ kí òjò tó dáwọ́ dúró, nínú ilé tí kò tíì ní fèrèsé. Nígbà tí adájọ́ bi mí pé kí ni ìdílé wa ń fẹ́ fún àtúnṣe, wọ́n rò pé ilé tàbí oko kòkó ni máa béèrè. Mo ní kí gbogbo wọn wá sí Ìkẹ́rẹ́ wá kí yín, òkè àti odò, kí wọ́n dúró níbi sàréè yín, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ sókè.

Wọ́n wá ní Sátidé tó kọjá, ní àárọ̀. Tírélà méjì, bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì kan, àti ọ̀kadà tí mi ò lè kà. Àwọn aládùúgbò rò pé òkú tún kú nílé wa. Wọ́n kún àgbàlá débi pé àwọn kan dúró lójú títì. Àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún yín, ọ̀rọ̀ náà sì dára. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àìná bọ́ bàtà. Àwọn àti ìyá arúgbó mẹ́rin míì, tí wọ́n jẹ́ ìyàwó ilé ní Ìdí-Orógbó láyé ọjọ́un, wọ́n kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ sàréè, wọ́n sì pe orúkọ kan tí mi ò gbọ́ rí.

“Eyínfúnjowó! Eyínfúnjowó o! Àwa aya rẹ dé o!”

Mo yíjú sí Àìná. Mo ní ta ni wọ́n ń pè? Ẹnu yà á. Ó ní àbí mi ò mọ̀ ni? Aya ilé kì í pe ọkọ lórúkọ, gbogbo ọkùnrin abúlé ni ìyàwó fún lórúkọ tiwọn, Eyínfúnjowó sì ni tiyín, torí pé ẹ kì í kọ ebè méjì kí ẹ má rẹ́rìn-ín, eyín yín á sì máa dán láti òdìkejì odò.

Bàbá, ogójì ọdún ó lé ni mo fi bá yín gbé. Mo mọ ìkọ́ yín lóru, mo mọ ìrìn yín nínú òkùnkùn. Mi ò mọ eyín yín. Mo lọ wo fọ́tò ara ògiri, ẹ pa ẹnu dé níbẹ̀ náà. Gbogbo wọn ló mọ̀ yín ju èmi lọ, wọ́n sì kó yín wá fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo: bí ẹ ṣe ń fi ìyàwó ilé ṣẹ̀fẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lé yín pẹ̀lú ọmọrogùn, ẹ̀rín yín tó máa ń sọ fún wọn pé àáró ti dé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ìyá wọ̀nyẹn, mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó sì tún padà di ẹ̀rín. Ìyá Àìná gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo àgbàdo, wọ́n sì kígbe sí àwọn tó kù pé kí wọ́n wá wò ó, ó wà lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Èmi ni, tí mo fẹ́ràn yín, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́,
Ọmọ Eyínfúnjowó.